Ìlà Kan Lára Irin

Ìbò ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa irin ní yunifásítì fi yan olùkọ́ obìnrin kan pé kó wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ́ fi bu ọlá fún Ọ̀jọ̀gbọ́n wọn. Kò sẹ́ni tó bá a du ipò náà. Wọ́n ní kò sí ẹni tó tọ́ sí i jù ú lọ. Kókó ọ̀rọ̀ ni bí a ṣe ń fi maikirosíkóòpù, awò tí ń sọ ohun tíńtín di ńlá, wo inú irin. Iṣẹ́ yẹn gan-an ló sọ Ọ̀jọ̀gbọ́n di ẹni tí ayé mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, olùkọ́ yìí bá bàbá rẹ̀ de bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù. Ọwọ́ bàbá ti ń gbọ̀n, àpá iná sì wà ní ìka rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ irin.

"O ò jẹun," ni bàbá wí.

"Ebi ò pa mí, Bàbá."

"Ẹ̀rù ló yó ọ. Kí lo fẹ́ sọ fún wọn níbẹ̀?"

"Ohun tí awò rí ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Awò kì í purọ́. Ẹni tó ń wò ó ló ń purọ́."

Olùkọ́ náà gbójú sí ibòmíràn. "Ẹ lè jókòó sílé o, Bàbá. Èrò máa pọ̀, ooru á sì mú."

"Kí n jókòó sílé? Lónìí? Ìwọ ṣáà máa lọ. Màá bá ọ níbẹ̀."

Oorun ti dá lójú olùkọ́ náà láti ọjọ́ mélòó kan. Àwòrán àtijọ́ tó máa fi han àwọn èrò ló ń wá nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀ka tó fi ṣe kòńgẹ́ méjì kan. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti àgbá omi kan tó bẹ́. Èkejì jẹ́ ti àtẹ̀gùn irin tó wó pa èèyàn ní ilé ìwòsàn kan. Èkejì yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé lọ sí kóòtù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ó ní ihò wà lójú ibi tí wọ́n ti jó irin náà pọ̀, pé wẹ́dà tó ṣe é ló ṣe iṣẹ́ gbàrọgùdù. Wọ́n ju wẹ́dà sẹ́wọ̀n. Irun dúdú ló gbé wọlé, ewú ló gbé jáde.

Kí a tó fi awò wo irin, a ó fi pépà oníyanrìn dán an títí yóò fi máa kọ mànà bíi dígí. Bí ọwọ́ bá yára jù, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun máa ń ṣẹ́kù sára rẹ̀. Irin méjì kì í ní ìlà kan náà, gẹ́gẹ́ bí ìtẹ̀ka ènìyàn méjì kì í bára mu. Lára àwòrán àgbá omi, ìlà kan wà tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Ìlà yẹn náà wà lára àwòrán àtẹ̀gùn, àfi pé ó dorí kodò. Àwòrán kan ṣoṣo ni. Ẹni tó dorí rẹ̀ kodò gbàgbé ìlà. Kò sẹ́ni tó fi awò wo irin àtẹ̀gùn náà rí.

Ọ̀gá ẹ̀ka ti wo ẹ̀dà àwòrán tí olùkọ́ náà fi ránṣẹ́ fún ètò ọjọ́ náà. Nígbà tí olùkọ́ náà dé, ọ̀gá pè é sí ọ́fíìsì, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Yọ méjì tó gbẹ̀yìn yẹn kúrò."

"Kí ló dé, sà?"

"Má sọ mí dọmọdé. O mọ ohun tí mò ń wí."

"Ẹnì kan lọ sẹ́wọ̀n, sà."

"Ó ti jáde, kò sì kú. Ṣé o ti sọ fún bàbá rẹ?"

"Rárá, sà."

"Ronú nípa bàbá rẹ, jọ̀wọ́. Ọkàn rẹ̀ ò gba ìpayà mọ́. Ẹjọ́ yẹn ti kú, a ti sin ín. Bí o bá hú u jáde, ilé yín ni òórùn rẹ̀ máa kọ́kọ́ dé."

"Bàbá mi ni mo ń rò láti ìgbà tí mo ti rí i, sà."

"Iṣẹ́ rẹ níbí náà ò tíì fìdí múlẹ̀ o. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ṣé ìwọ lo fẹ́ rà á?"

Olùkọ́ náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún un, ó sì jáde.

Gbọ̀ngàn kún. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sórí àga ọlá níwájú, nínú aṣọ oyè yunifásítì. Ọ̀gá ẹ̀ka dá àpárá láti fi ṣí ètò: "Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, ẹ má sùn o. A ti fi awò wò yín!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ náà fi àwọn wóró tíńtín tó para pọ̀ di irin hàn wọ́n, ó fi ìpẹta tó ń jẹ irin hàn wọ́n, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó kan méjì tó gbẹ̀yìn, ó wo àga ọlá níwájú. Ó tẹ bọ́tìnnì, àwòrán méjèèjì sì hàn gàdàgbà lára ògiri. Ó dorí ọ̀kan kodò lójú wọn. Ó fi ìka tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Àgbá omi nìyí," ni ó wí. "Ohun tí wọ́n pè ní àtẹ̀gùn níwájú adájọ́ náà nìyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló fọwọ́ sí méjèèjì."

"Kí ló ń wí?"

"Ṣé orí ọmọ yìí pé báyìí?"

"Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn!"

Ọ̀gá ẹ̀ka dìde, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti dìde ṣáájú rẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ọkùnrin arúgbó kan ni, orí rẹ̀ funfun. Olùkọ́ náà ló lọ bẹ̀ ẹ́ nílé pé kó wá.

"Mo sọ fún wọn nígbà náà," ni wẹ́dà náà wí. "Mo sọ fún wọn pé èmi kọ́."

Gbogbo èrò yíjú sí Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Olùkọ́ náà sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú àga ọlá, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí Ọ̀jọ̀gbọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá tó bí mi, ẹ dìde kí ẹ dá ọkùnrin náà lóhùn, màá dì yín mú."