Ènì Tó Ju Ọjà Lọ

Oòrùn ò tíì yọ dáadáa tí Ìyá Wúrà ti ń dín àkàrà. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó wà lókè ọ̀nà ló fún un ní ààrò tí kì í rú èéfín, àwọn náà ló gbé dígí kan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí oníbàárà bá ti dúró níwájú dígí náà, iye tí apá rẹ̀ ká ni yóò jáde, ilé-iṣẹ́ á sì san ìyókù.

Ìṣọ̀lá dé nínú aṣọ iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, ó ń wo aago. "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Wúrà. Ẹ bá mi di mẹ́rin."

Dígí tàn. Ẹgbẹ̀ta náírà ló máa ń kọ fún un. Lónìí, àádọ́ta ló kọ, iye àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ìṣọ̀lá ò tíì wòkè. Ìyá Wúrà yára fa ìborùn rẹ̀ yọ, ó fi bo dígí náà.

"Èló ni tèmi?"

"Iye àná náà ni."

Ìṣọ̀lá sanwó. Ìyá Wúrà ń bu àkàrà sínú ọ̀rá, kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró.

"Mà, mẹ́rin ni mo rà."

"Ènì ni ìyókù."

"Ènì tó ju ọjà lọ?" Ó rẹ́rìn-ín.

"Jókòó jẹ ẹ́ níbí ná, jọ̀ọ́."

"Kò sáyè, mà. Ọ̀gá mi ló ní kí n tètè dé lónìí."

Ó gba ọ̀rá náà, ó sì sáré gba ọ̀nà òkè lọ.