Ọkùnrin Tí Kì í Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Kẹ̀kẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ẹnìkejì nílé.

1.

Ní Mayo, ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Áyálándì, ta ni kò mọ Colman Tierney? Ẹni àádọ́rin ọdún ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le bí irin. Láti kékeré ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ kiri àwọn ọ̀nà tóóró tí koríko hù láàárín wọn, kò sì sí òkè tó mú un sọ̀ kalẹ̀ rí. Àwọn mìíràn á sọ̀, wọ́n á máa ti kẹ̀kẹ́ wọn. Colman? Rárá o.

"Ẹsẹ̀ mi àti ilẹ̀ kì í pàdé lórí òkè," ló máa ń wí.

Attracta ìyàwó rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé e. Bí ìgbà ooru bá ti dé, àwọn méjèèjì á di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n á máa rìn láti abúlé dé abúlé, wọ́n á sì máa juwọ́ sí gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: obìnrin yẹn mọ kẹ̀kẹ́ gùn ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ó lè máa gun òkè kó máa kọrin. Ṣùgbọ́n kò kọjá ọkọ rẹ̀ rí. Ó wù ú láti máa wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ níwájú, orí rẹ̀ a sì máa wú.

2.

Lọ́dún kan, Malachy Duignan, aládùúgbò wọn tí kò tíì pé ogójì ọdún, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Colman ṣẹ̀fẹ̀ nílé ọtí.

"Bàbá Colman, ọdún yìí lẹ máa ti kẹ̀kẹ́. Eegun yín ti ń dún ju ṣéènì kẹ̀kẹ́ yín lọ!"

"Lọ dúró dè mí lórí òkè Carrowbeg lọ́jọ́ Sátidé," Colman dá a lóhùn. "Mú kámẹ́rà dání. Mú aṣọ ìnujú náà dání, torí o máa sunkún."

Gbogbo ilé ọtí bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Attracta ló ròkè jù.

3.

Nígbà tó di Sátidé, atẹ́gùn ń fẹ́ kọjú sí wọn. Kí wọ́n tó dé ẹsẹ̀ òkè, ojú Attracta ti funfun bí ìwé, ó sì ń fọwọ́ tẹ àyà. Ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Delia Mongan dúró lẹ́nu géètì rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o! Ẹ yà wá mu tíì. Búrẹ́dì gbígbóná wà nílẹ̀."

"Rárá o, màmá, ẹ ṣeun. Ẹ má ṣe ìyọnu," ni Attracta dáhùn.

Ṣé ẹ rí i, ní ìlú wọn, ẹnikẹ́ni kì í gba tíì lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́, wàá ní rárá. Bí wọ́n bá tún fi lọ̀ ọ́, rárá náà ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta lo tó máa wọlé, bí ẹni tí wọ́n wọ́ wọlé. Ẹni tó bá gbà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Ibẹ̀ ni wọ́n bí Colman sí. Ó mọ̀ pé rárá ìyàwó òun kò tíì di rárá. Ó rí i pé Attracta ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún rí ọkọ̀ Malachy tó ń dán nínú oòrùn lókè lọ́hùn-ún.

Bí Delia ṣe la ẹnu láti tún fi lọ̀ wọ́n, Colman já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. "Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀, màmá. Ó ní rárá. A ó yà bí a bá ń bọ̀."

Attracta kò lè yí ohùn padà mọ́, ìtìjú ni. Ó rọra gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Kò sí nǹkan," ó ní. "Máa lọ, mo wà lẹ́yìn rẹ."

4.

Colman ti kọjá kọ́nà tó wà láàárín òkè nígbà tó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn.

"Colman!"

Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kan ilẹ̀.

"Ó kù díẹ̀!" ó pariwo, kò wẹ̀yìn. Attracta kò pè é mọ́.

Ó gun òkè náà dé orí. Malachy ń fọn fèrè ọkọ̀, ó ń fò sókè. "Ọkùnrin mẹ́ta! Bàbá, ẹ ti pa mí o!" Colman gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, àyà rẹ̀ kún. Kò sí ọba tó ga tó o lọ́jọ́ yẹn.

Malachy ya fọ́tò náà tán. Ó wá sọ kámẹ́rà kalẹ̀.

"Ìyàwó yín dà?"

Ọ̀nà ṣófo títí dé kọ́nà.

5.

Delia ti bu tíì sínú fílásíkì, ó ti wa ọkọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí a fi oúnjẹ lọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a kò tíì fi lọ̀ ọ́. Òun ló bá Attracta níbi tó fara ti ògiri òkúta, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Colman fi máa sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀, orí ìyàwó rẹ̀ wà lórí itan Delia. Ẹ̀mí ti bọ́.

"Ó pè mí," ni Colman wí. "Mo gbọ́ tó pè mí."

Delia kò bá a wí. "Ó bi mí bóyá o ti dé òkè. Mo ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ lókè, mo ní o ti dé e. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ̀ pé wàá dé e."

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó fẹ́ràn yín lè máa fi yín yangàn títí dé ojú ikú. Ẹ má fi ìyangàn rẹ̀ pa á. Bó bá ní kò sí nǹkan, ẹ tún bi í. Bó bá pè yín, ẹ dúró. Òkè kì í sá lọ. Ènìyàn ló ń lọ. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń sáré jù lónìí.

Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹ tètè sọ̀, nígbà tí ẹni tí ẹ fẹ́ sọ̀ nítorí rẹ̀ ṣì wà láàyè.