Àyẹ̀wò Eyín Ejò Mopélọ́lá

Láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò ejò ilé, Mopélọ́lá gbé ejò tó ń bá a pa eku jáde fún ayẹjòwò. Òfin gba ejò tí eyín oró rẹ̀ wà lẹ́yìn ẹnu. Èyí tí tiẹ̀ wà níwájú, tòun ti ẹni tó ni ín ni wọ́n ń lé kúrò nílé.

Bàbá onílé, tó ti ń wá bí Mopélọ́lá yóò ṣe kó jáde, ti ìka bọ ẹnu ejò náà.

“Iwájú leyín oró eléyìí wà. Ẹ wò ó!”

Ejò gbá ìka rẹ̀ mú, ó ń rún un bí arúgbó tó ń rún ẹran.

“Yéè! Ẹ gbà mí!”

Ayẹjòwò rọra tú ìka náà sílẹ̀. “Bàbá, oró irú èyí ò ju kí ọwọ́ wú lọ. Ejò eléyín iwájú a ṣán ni, a sì tú ni sílẹ̀. Èyí tó bá ń rún ni, ẹ̀yìn loró tiẹ̀ wà. Mà, ejò yín yege.”

Mopélọ́lá kúnlẹ̀ fún onílé. “Ẹ ṣeun, sà, tí ẹ bá wa jẹ́rìí.”