Ìgò Inú Aṣọ Dúdú

"Ta ló ṣí fèrèsé yìí?" Tísà kanra mọ́ ìyàwó rẹ̀ lóhùn kẹ́lẹ́. Àna wọn láti Eggua ti mu ife méjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bíà tí Tísà fọwọ́ ara rẹ̀ pọn sì ń rùn bí asín. "Ṣebí mo ní kí ìmọ́lẹ̀ má kàn án! Ìmọ́lẹ̀ ló máa ń bà á jẹ́!"

"Èmi ò ṣí i, Bàbá Morádéyọ̀." Ìyàwó rẹ̀ di imú.

Tísà tú aṣọ dúdú tó ti fi wé ìgò ẹlẹ́nu gbàǹgbà náà láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Òkú asín kan léfòó nínú bíà, ó ti wú, irun rẹ̀ ti ń bó.

"Àna wa, ó mà dùn o!" àlejò pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ṣé ó ṣì kù?"

Tísà tún aṣọ náà wé mọ́ ìgò.

"Ó kù, Bàbá. Ẹ gbé ife yín wá."