Erin Tó Ń Wo Àkìtàn

Ẹ sún mọ́ mi, kẹ́ ẹ bá mi gbe orin tó bá débẹ̀. Àlọ́ mi yà sílé Erin, ọba àwọn ẹranko.

Erin ń rò ó pé, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ìlú ń yó, láìyọjú sínú ìkòkò oníkálukú? Ọ̀bọ, olóyè ààfin, ní, "Kábíyèsí, àkìtàn ni kẹ́ ẹ máa wò. Ilé tó bá ń jẹun ni èèpo iṣu ń pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Erin. Ó ní ẹni tí àkìtàn rẹ̀ bá ga jù lòun máa fi joyè.

Òkété ló kọ́kọ́ da odidi iṣu sí àkìtàn tirẹ̀. Ìgalà rí i, ó da àgbàdo. Kò pẹ́ tí àkìtàn fi ga ju òrùlé lọ.

Erin jáde wá wò ó. Inú rẹ̀ dùn, ó dá orin tó máa fi ń kí ìlú:

Ará ìlú mi, ṣé ẹ yó?
*A yó o, a yó.*
Tọmọdé tàgbà, ṣé ẹ yó?
*A yó o, a yó.*

Adìẹ nìkan ló gbè é, láti orí àkìtàn.

Erin ní, "Àwọn yòókù ńkọ́?"

Adìẹ ní, "Wọ́n wà nílé, Kábíyèsí. Ebi ò jẹ́ kí ohùn wọn jáde."

Látọjọ́ náà, tí Erin bá ti dá orin, á na etí, á máa retí ègbè. Ibẹ̀ ni etí rẹ̀ ti fẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi ń lọ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn, mi ò gbọ́ ohùn yín nínú orin yẹn. Ṣé ẹ ti jẹun?