Kànga Tí Kò Fẹ́ Tòrò

Tíṣà Zacchaeus kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì n'Ìkàrẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin kó tó fẹ̀yìn tì, kànga kan ṣoṣo ní Ìwàrò-Ọ̀kà sì fẹ́ sọ ọ́ di ẹni ẹ̀tẹ́.

Kànga Ìyá Gift ni. Opó ni Ìyá Gift, ọkọ rẹ̀ ló gbẹ́ kànga náà síwájú ilé kó tó kú. Nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, ìjọ fi lẹ́tà rán Tíṣà sí i. Nígbà tí Tíṣà ń dìde láti máa lọ, ó ní òun ò rò pé nǹkan kan tún máa gbé òun wá sí Ọ̀kà láìpẹ́.

Ìyá Gift ní, “Tíṣà, kí ni wọ́n ń ṣe sí omi kànga tó bá ń rú?”

Tíṣà jókòó padà.

Ọkùnrin tí aya rẹ̀ ti kú kì í kàn dédé máa lọ sílé opó. Ẹnu ará àdúgbò kò ní jẹ́ kó lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ẹni tó gbé álọ́ọ̀mù tí ń mú omi tòrò dání wí? Gbogbo Sátidé ni Tíṣà ń gun ọ̀kadà wá láti Ìkàrẹ́. Ó da álọ́ọ̀mù sí kànga. Ó ní kí wọ́n gbọ́n ọn gbẹ. Ó to òkúta wẹ́wẹ́, yanrìn àti èédú sínú ìkòkò tó lu nídìí, kí omi máa gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà kan, ó tilẹ̀ bá ìyá náà gbé sílíńdà gáàsì rẹ̀ wá, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni. Bó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú, omi á ti tòrò. Bí Sátidé mìíràn bá dé, á tún ti pọ́n bíi tíì oní-mílíìkì.

Ìyá Gift a gún iyán fún un, a sì gbé omi tó mọ́ lóló tì í.

“Èyí tí mo pọn sílẹ̀ lánàá ni,” ni ó máa ń wí.

Tíṣà ní ọ̀rọ̀ kan nínú. Ó ti pinnu pé bí omi náà bá lè tòrò fún oṣù kan gbáko, òun á sọ ọ́. Kó tó dìgbà náà, ojú ń tì í. Obìnrin wo ló máa fẹ́ ẹni tí kànga lásán ń dá lágara? Bíọ́dún ọmọ rẹ̀ sì ti ní kó kó ẹrù rẹ̀ wá sí Àkúrẹ́ lẹ́yìn Àjíǹde, kó wá máa bá àwọn gbé. Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní Sátidé yẹn, ó mú Israel agbẹ́kànga wá láti Ìkun. Bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀yìn ilé ìdáná kọjá, Tíṣà fẹsẹ̀ kọ báàfù ilẹ̀pa kan.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ni Ìyá Gift wí. “Mo fi ń rẹ́ ààrò ni.”

Israel fi okùn sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó jáde.

“Àpáta ni ìdí kànga yìí,” ni ó wí. “Kò sí ilẹ̀ pupa níbẹ̀. Òkè ni nǹkan yìí ti ń wọlé.”

“Ẹnì kan ló ń dà á sí i nìyẹn,” ni Tíṣà wí. Inú bí i gidi.

“Ayé le,” ni Ìyá Gift wí.

“A gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Màá máa wá lójoojúmọ́.”

“Láti Ìkàrẹ́? Tíṣà, inú ilé ni wọ́n ti ń ṣọ́ kànga.”

Israel wúkọ́, ó ní òun ń lọ wá okùn òun, bẹ́ẹ̀ ó gbé e kọ́rùn.

“Ìyá Gift,” ni Tíṣà wí nígbà tó yá, “mo fẹ́ kí omi yìí kọ́kọ́ tòrò ná kí n tó sọ̀rọ̀.”

“Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ń gbọ́.”

Wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Àjíǹde. Pásítọ̀ yin Tíṣà pé ó ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, ó ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù. Ohùn Ìyá Gift ló ròkè jù níbi àmín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbé àga síwájú ilé tó ń ṣọ́ kànga lójú méjèèjì, Ìyá Gift gbé báàfù ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó sì da ilẹ̀pa tó ṣẹ́ kù, èyí tí ì bá tó o lò fún Sátidé méjì sí i, sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.