Àpá Ojú Lẹ́nsì

"Ìyá Onífọ́tò, ẹ má ṣahun! Lẹ́nsì àtijọ́ yín ò lè bá kámẹ́rà tuntun ṣe."

Oníṣọ́ọ̀bù fẹ́ kí n ra lẹ́nsì tuntun mọ́ kámẹ́rà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ọ̀la ni mo máa ya ìgbéyàwó, kámẹ́rà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo owó mi lọ.

Mo mú òrùka irin olówó pọ́ọ́kú kan lórí àtẹ rẹ̀, mo fi so lẹ́nsì mi mọ́ kámẹ́rà. Mo yí i. Ó dún kẹ́ẹ́, ó jókòó.

"Àpá ojú lẹ́nsì yín ńkọ́? Ẹ wo fọ́tò ìyàwó tó wà lára ògiri mi. Lẹ́nsì tuntun ló ń ya irú ẹ̀."

"Ìlà ìmọ́lẹ̀ tó dábùú èjìká ìyàwó náà ńkọ́?"

"Ẹwà ẹ̀ gan-an nìyẹn!"

"Àpá yìí ló fà á, ọmọ mi. Èmi ni mo fi lẹ́nsì yìí ya fọ́tò náà. Òrùka yẹn nìkan ni kí o dì fún mi."